Ìrora ti lọ, agbára ò tíì dé: èsì fún bùọ̀dá tíṣà tó fẹ́ padà sáré ní Adó

Bùọ̀dá kan tó ń ṣe tíṣà ní Adó-Èkìtì ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Bàsírì ni mò ń gbé, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sáré láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, kìlómítà márùn-ún, nígbà míì méje. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń sáré sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, orúnkún ọ̀tún mi bá yí. Nígbà tó fi máa dalẹ́ ó ti wú díẹ̀. Wọ́n ya X-ray fún mi, wọ́n ní eegun kankan ò ṣẹ́, wọ́n fún mi lóògùn ìrora, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo sinmi lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí mo rí i pé ara ti yá, mo bọ́ síta, mo sá kìlómítà márùn-ún mi, kò dùn mí rárá lójú ọ̀nà, àfi bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí mi ò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé wa. Ìyàwó mi ní àgbà ló dé, kí n fi eré sísá sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù tá a máa ṣe inter-house sports, èmi ni mo gbapò kìíní nínú eré àwọn tíṣà lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń padà sáré nílùú tó jẹ́ pé béèyàn bá jáde nílé òkè ni, bó bá yíjú sẹ́yìn òkè náà ni?"

Ẹ ṣeun bùọ̀dá tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ìyàwó yín lóhùn kí ilé lè tòrò ná. Ọjọ́ orí kọ́ o. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé eré sísá ló ń jẹ orúnkún, wọ́n á ní bíi táyà ọkọ̀ ni, bó bá ṣe rìn jìnnà tó ni yóò ṣe jẹ tó. Táyà ò lè wo ara ẹ̀ sàn ni tiẹ̀. Orúnkún ẹran ara ni, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń fún un níwọ̀nba ló ń mú un le. Lọ́dún 2017 àwọn oníwàádìí kan kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń sáré fún ìgbádùn ara wọn bíi tiyín, nǹkan bí 3.5 ló ní àrùn oríkèé tó ń jẹ ìbàdí tàbí orúnkún, àwọn tí kì í sáré rárá 10.2 ni tiwọn, àwọn tó ń sáré díje gan-an ló wá lọ sí 13.3. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá máa sọ pé eré sísá ni oògùn orúnkún o, torí ó lè jẹ́ pé ẹni tí orúnkún ti ń yọ lẹ́nu ló ti fi eré sílẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ jókòó sílé torí pé ẹ ti pé 43, ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Ohun tó ṣe yín ò le rárá láti ṣàlàyé. Ìrora ló lọ, agbára ò tíì padà dé. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra nìyẹn, àwa èèyàn sì máa ń kà á sí nǹkan kan ṣoṣo, bá ò bá ti gbọ́ "yéè" mọ́ a máa ń rò pé ó ti parí. Nígbà tí orúnkún yín wú yẹn, omi tó dúró sínú ẹ̀ ń sọ fún ẹran iwájú itan pé kó dẹwọ́, kó má fa eegun yìí mọ́, ara ló ń dáàbò bo ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi ìsinmi lé e. Kì í ṣe pé mo ń bú ẹni tó ní kẹ́ ẹ sinmi o, lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ òun náà ló tọ̀nà, àmọ́ ẹni tó bá sọ pé "ẹ lọ sinmi" tí kò wá sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dìde àti ohun tẹ́ ẹ máa fi dìde, iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì parí nìyẹn. Ẹran itan kì í pẹ́ gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò yín, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá láti orí orúnkún wá sókè sí itan, ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀, ẹ wá fi téèpù yí itan ká níbi àmì yẹn, ọ̀tún àti òsì. Nínú iṣẹ́ mi, ẹni tó bá ti tiro fún oṣù méjì, ẹsẹ̀ tó dùn ún sábà máa ń fi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kéré sí èkejì. Ọkàn yín àti ẹ̀dọ̀fóró yín ṣì rántí kìlómítà márùn-ún, itan ọ̀tún yín ti gbàgbé, ẹ wá lọ fi tipátipá rán an létí láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ dúró kí n bi yín ní nǹkan kan, torí X-ray tẹ́ ẹ yà yẹn, eegun ló ń fi hàn. Kò lè fi iṣan tó so eegun mọ́ eegun hàn, kò sì lè fi nǹkan rírọ̀ bíi rọ́bà tó wà láàárín eegun méjèèjì hàn, ìyẹn meniscus. Nítorí náà "eegun ò ṣẹ́" ò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan tó ya. Ṣé orúnkún yẹn máa ń há nígbà míì, tí ò ní ká, tí ò sì ní nà, àfi tẹ́ ẹ bá mì ín jìgì? Ṣé ó máa ń yẹ̀ lábẹ́ yín gbìì bí ìgbà téèyàn tẹ ibi tí kò sí ilẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ "pọ́!" lọ́jọ́ tó yí, àbí ó wú rùgùdù láàárín wákàtí kan sí méjì? Tí ẹyọ kan nínú ẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tì ná, kẹ́ ẹ lọ bá dọ́kítà eegun, bóyá ní ọsibítù ńlá EKSUTH níbí ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, kó fọwọ́ ara ẹ̀ yẹ orúnkún náà wò, bó bá yẹ kó ní kẹ́ ẹ ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tó ń fi àwọn nǹkan rírọ̀ yẹn hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá gbóná tó pọ́n tí ibà sì wà lára, tàbí tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń ro, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ abẹ nítorí iṣan àárín orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL, oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán ni kó tó padà sí bọ́ọ̀lù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ̀lé kàlẹ́ńdà mi yìí rárá.

Àmọ́ pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ó wú díẹ̀díẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ẹ sáré kò dùn yín, ọjọ́ kejì sísọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló di wàhálà, ó jọ pé eegun roboto tó dé orúnkún lórí bí ọmọrí ìkòkò yẹn ló ń kérora. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọmọrí. Téèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹran itan ń gbé e lọ sókè, kò burú. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹran itan kan náà ló di bíréèkì, ó ń nà bó ṣe ń di ara mú kó má lọ já lulẹ̀, ó sì ń tẹ ọmọrí yẹn mọ́ itan gidigidi. Bí bíréèkì bá wá ti lọ, gbogbo ẹrù yẹn orí orúnkún ló ń já lé.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lọ gun òkè Olóṣùnta ní Ìkéré, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dórí, mo tún ń fi àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tá à ń bọ̀ nílẹ̀ ni itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé, mo débi kan mo fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ ni, ẹni tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló dì mí lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè lóṣòó ní ṣáláńgá. Ẹ fetí sí ìyàtọ̀ ẹ̀ o, torí ó wúlò fún yín: tèmi nínú ẹran itan ni, itan méjèèjì ló ro mí bákan náà, bí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á dùn mí, lọ́jọ́ kẹta ó ti lọ. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ tuntun ló fà á. Tó bá jẹ́ orúnkún kan ṣoṣo, lábẹ́ ọmọrí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí ò sí nínú ẹran, orúnkún gan-an ló ń fèsì yẹn, kẹ́ ẹ yáa dá a lóhùn.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó tún wọ kánfáàsì sáré, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún itan. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fo ọjọ́ kan láàárín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń fìyà jẹ yín yẹn náà la máa lò. Ẹ wá àtẹ̀gùn tí kò ga, tó tó búlọ́ọ̀kù ìnṣì márùn-ún kan ṣoṣo tá a fi lélẹ̀ pẹlẹbẹ, tàbí kéré sí i. Ẹ dúró sórí ẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí tòsì máa fì lófuurufú níwájú, ẹ fi ìka méjì péré kan ògiri. Ẹ wá máa ká orúnkún ọ̀tún bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, kí gìgísẹ̀ òsì wá fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tẹ ẹyin tí kò gbọdọ̀ fọ́, kẹ́ ẹ sì gbéra padà. Ẹ gbé dígí síwájú. Orúnkún gbọ́dọ̀ máa kọjú sí ìka ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, kó má yẹ̀ wọnú lọ bá èkejì, kí ìdí má sì ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ẹni tó pọnmọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ máa rí i pé ó ń gbọ̀n, ó sì ń yẹ̀, ẹ má bínú sí i, ibẹ̀ gan-an ni àìsàn wà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣe mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ṣe ti òsì náà. Tó bá ti wá rọrùn, ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú piọ́ wọ́tà nínú, mẹ́wàá nínú ẹ̀ kílò márùn-ún ni, odindi àpò kan kílò mẹ́wàá, ẹ máa fi méjì méjì kún un. Ẹ ò nílò jíìmù.

Tó bá jẹ́ pé àtẹ̀gùn yẹn ṣì le jù, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ rọra yọ́ wálẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45, lẹ́ẹ̀márùn-ún, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Àwọn méjì tó kù kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró kẹ́ ẹ máa fi ìka ẹsẹ̀ gbéra sókè wálẹ̀ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun, àti kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ká orúnkún, kẹ́ ẹ máa gbé ìdí sókè, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Láàárín àkókò yìí ẹ máa rìn, ìrìn ò ní pa á lára. Kẹ̀kẹ́ náà dára tẹ́ ẹ bá ní, tí ẹ bá sì rí ibi tó tẹ́jú gùn ún.

Ìgbà wo lẹ máa wá mọ̀ pé ó yá? Mi ò lo kàlẹ́ńdà nìkan. Ẹ máa rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí orúnkún má wú lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì dùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejìlélógún lẹ lè fi ìka ẹsẹ̀ òsì gbéra, kí ọ̀tún náà lè ṣe é tó ogún. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú kan bí àwọn ọmọbìnrin ṣe máa ń ṣe nínú eré tẹ́ńtẹ́n, kẹ́ ẹ balẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ọkàn yín má sì fò. Ẹni tí ò lè tọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú kan, kí ló fẹ́ sá kìlómítà márùn-ún fún, nígbà tó jẹ́ pé eré sísá ò ju títọ láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà?

Bó bá yá, báyìí lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kára lè gbóná, ẹ wá sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún méjì, ẹ tún un ṣe títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ lọ sílé. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré lẹ sá yẹn, ẹ máa rò pé mò ń fi yín ṣeré, àwọn ọmọ iléèwé yín tó bá rí yín lọ́nà máa bi yín pé ṣé ó ti rẹ̀ yín ni, ẹ dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sá méjì ẹ rìn méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ sá mẹ́ta ẹ rìn méjì, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́rin sí kan, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ẹ sá mẹ́wàá, ẹ rìn méjì, ẹ sá mẹ́wàá míì, ọ̀sẹ̀ kẹfà ẹ gbìyànjú ogún ìṣẹ́jú láì dúró. Gbogbo eré yìí, kẹ́ ẹ lè máa sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ má dá iṣẹ́ itan yẹn dúró o, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jábọ́, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọ́n á gbàgbé àtẹ̀gùn.

Ta ló máa sọ fún yín bóyá kẹ́ ẹ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó kàn? Orúnkún yín ni, àmọ́ kì í fèsì lójú ẹsẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ kọ sí mi yẹn gan-an ni, "kò dùn mí rárá lójú ọ̀nà". Ara gbígbóná máa ń bo àṣírí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ wo ihò kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí, ṣé ti ọ̀tún ṣì jìn bíi ti òsì àbí ó ti kún? Ẹ fàtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta bí ẹni ń lé omi, ẹ wá fi ra ẹ̀gbẹ́ ìta wálẹ̀, tí ihò inú bá padà yọ búlúkú, omi wà níbẹ̀. Ẹ ká a, ṣé gìgísẹ̀ ń sún mọ́ ìdí bíi ti òsì? Ẹ dìde, ẹ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan. Ẹ wá fún ìrora ní máàkì bẹ́ ẹ ṣe ń fún àwọn ọmọ ní ìdánwò, òdo ni kò sí, mẹ́wàá ni èyí tí ẹ ò lè fara dà. Òdo sí méjì tí kò sì sí wíwú, ẹ tẹ̀ síwájú. Mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ tún ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe. Márùn-ún sókè, tàbí tó bá wú, ẹ dá eré dúró fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí á fi balẹ̀, kẹ́ ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ àwọn tíṣà, ẹ ò lè ṣàìní ìwé kékeré kan.

Ọ̀rọ̀ òkè wá kù. Kì í ṣe lásán ni wọ́n fi òkìtì sọ wá lórúkọ, a ò lè gé òkè torí orúnkún. Àmọ́ ẹ ti rí i báyìí pé gígùn kọ́ ni ọ̀tá, sísọ̀kalẹ̀ ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, pápá ilé ìwé yín tàbí pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé, ibi tí wọ́n bá ti fa ìlà eré, ìyípo kan ní pápá ìṣeré ńlá sábà máa ń jẹ́ irinwó mítà, ẹ lè ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pápá oníkoríko, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn yí i ká kẹ́ ẹ wo ihò. Kẹ́ ẹ máa yí ọ̀nà padà náà, bẹ́ ẹ bá fi òsì yí lónìí, kẹ́ ẹ fi ọ̀tún yí lọ́túnla. Tó bá jẹ́ títì lẹ ní, ẹ rántí pé títì máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ẹni tó bá ń sáré létí gọ́tà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan ga, ẹsẹ̀ kan rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ lè rí ọlọ́kadà kó tó rí yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà tẹ́ ẹ bá fẹ́ òkè, ẹ sáré gùn ún, ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Mo ní aláìsàn kan tó máa ń sáré gun òkè tán tó á dá ọ̀kadà dúró gbé e padà sísàlẹ̀, ọlọ́kadà yẹn rò pé orí ẹ̀ dàrú, orúnkún ẹ̀ sì san. Sísáré sọ̀kalẹ̀ ni ẹ máa dá padà gbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, ìgbésẹ̀ kúkúrú kúkúrú. Ẹ má fi nǹkan méjì kún un lọ́sẹ̀ kan náà: ẹ kọ́kọ́ fi kún bí ọ̀nà ṣe jìn tó, lẹ́yìn náà òkè, lẹ́yìn náà ni eré kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kúkúrú tí mo sọ yẹn, ẹ lè máa lò ó níbi tó tẹ́jú náà. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀ nínú ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ 78, ẹ sọ ọ́ di 82 sí 84 láì fi kún eré, ẹsẹ̀ á máa balẹ̀ sábẹ́ ara dípò kó máa nà síwájú, ẹrù tó ń já lé ọmọrí á dín kù. Etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "gbà, gbà, gbà", ó ti gùn jù.

Bàtà ńkọ́? Mi ò mọ bàtà kankan tó ń wo orúnkún sàn. Tẹ́ ẹ bá ra ọ̀kírìkà ní Ọjà Ọba, kò burú, àmọ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀, bó bá ti le bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Oògùn ìrora, ẹ má gbé diclofenac tàbí ibuprofen mì kẹ́ ẹ tó lọ sáré, ó ń pa ẹnu ẹlẹ́rìí mọ́ ni, ó sì tún lè dá ọgbẹ́ sí inú, tí kò bá sì sí omi tó lára, kíndìnrín ló ń fìyà ẹ̀ jẹ. Aboniki lẹ́ ẹ lè fi pa á tó bá wù yín, ó ń ta ara, kò wọnú dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun fa orúnkún yẹn kó lè "dún padà sáyè ẹ̀", ẹ kí i dáadáa, ẹ kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ físíò, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ tó gbà lọ́wọ́ MRTB hàn yín, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀, kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin ò sọ bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n tó, mi ò sì ní bi yín, àmọ́ oṣù mẹ́ta ìsinmi pẹ̀lú uyán bí àwa ṣe ń pè é, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí kan lára àwọn tó sanra tí orúnkún sì ń dùn fi hàn pé kílò kan tó bá lọ lára, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní kí ọmọ Èkìtì má jẹyán o, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú. Ẹ kàn yọ òkèlè mẹ́ta kúrò.

Inter-house sports wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún itan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún rírìn àti sísáré, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mẹ́sàn-án ni, mẹ́fà lẹ ní. Kódà ká ní ó pé, eré tíṣà kì í ṣe eré jẹ́jẹ́, ọgọ́rùn-ún mítà ni, láì gbóná ara, pẹ̀lú ọmọ ilé ìwé tó ń pariwo orúkọ yín, kò sí ẹni tó máa rántí ọmọrí orúnkún níbẹ̀, ẹran ẹ̀yìn itan ló tún máa já mọ́ ọn. Ẹ má sá a lọ́dún yìí. Ẹ gba fèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, kẹ́ ẹ di ẹni tó ń sọ pé "on your marks", kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí tíṣà tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ sá a, bó bá ṣubú lójú àwọn ọmọ ẹ̀ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa darí ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá wá ti bẹ̀rẹ̀ eré jẹ́jẹ́ tiyín yẹn, òwúrọ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn eré, ẹ fi máàkì tẹ́ ẹ bá fún ìrora ránṣẹ́ sí mi.